Wíwú ojú àti ìríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ katarákítì

Katarákítì ni àìsàn tí ó ń sọ lẹ́ńsì inú ojú di funfun. Ìwádìí ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ni olórí ohun tí ó ń fa ìfọ́jú ní Nàìjíríà. Àwọn ará Òṣòdì-Ìsọlọ̀ lè rí ìtọ́jú ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní Mushin tí ó bá wọn pààlà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú máa ń wú díẹ̀. Oògùn ìkán-sójú ni ó ń mú un rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ lè mú kí awọ ẹ̀yìn ojú wú, kí ìríran má tètè padà. Nítorí náà ni a ṣe ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Bí ojú bá ń ro aláìsàn gidigidi, tàbí tí ìríran rẹ̀ ń dínkù, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.