Demi Orimoloye: ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó tó wọ bésíbọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè bóyá ọmọ Yorùbá kankan ti fi bésíbọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe l'Ámẹ́ríkà, ó wà. Èkó ni wọ́n bí Demi Orimoloye sí ní 1997. Ọmọ kékeré ló ṣì jẹ́ nígbà tí ìdílé ẹ̀ kó lọ sí Kánádà, Ottawa ló sì ti dàgbà. Kì í ṣe ajùbọ́ọ̀lù o; ẹ̀yìn pápá ló máa ń dúró sí, tó ń sáré há bọ́ọ̀lù tó bá fò.

Ní 2015, Milwaukee Brewers yàn án, òun ni ẹni 121 lọ́dún náà. Àmọ́ kí wọ́n yàn ẹ́ ò túmọ̀ sí pé o ti dé. Líìgì kéékèèké ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí owó ò ti tó nǹkan, tí ìrìn àjò bọ́ọ̀sì sì pọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2018, Brewers fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Curtis Granderson, àgbà ọ̀jẹ̀ ẹni ọdún 37, ló bá di ti Toronto Blue Jays. Ẹ ò rí i, wọn kì í sábà bi agbábọ́ọ̀lù pé ṣé ó fẹ́ lọ!

Orimoloye ò dé líìgì ńlá. Gift Ngoepe ti South Africa ló kọ́kọ́ débẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ̀lú Pittsburgh Pirates, ní oṣù kẹrin 2017. Ọdún 2008 ló ti buwọ́ lùwé pẹ̀lú wọn.