Bach àti Orin Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ẹni tó ń sún mọ́ ogójì ọdún kò lè máa kọ orin tuntun lemọ́lemọ́ mọ́. Bach ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ní Weimar, láti 1714, orin ṣọ́ọ̀ṣì kan lóṣù ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé Leipzig lọ́dún 1723, lẹ́ni ọdún 38, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá kọ ọ́ tán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ilé rẹ̀ á dà á kọ, wọ́n á fi dánra wò, ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi á mọ́. Bí àyè ò bá sí, á tún orin rẹ̀ àtijọ́ lò. Nǹkan bí 200 ló ṣẹ́ kù fún wa. Lójú tèmi, kì í ṣe ìmísí ló pọ̀ sí i. Ọjọ́ Ìsinmi ni kì í yẹ̀.