Gìtá Tí Kì Í Pe Orúkọ: Ẹgbẹ́ BLO àti Òde Ìnáwó Ilẹ̀ Yorùbá

Ní 1972, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kó ara wọn jọ ní Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, wọ́n sì fa lẹ́tà yọ nínú orúkọ wọn láti pè é ní BLO: Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akins ló ń lu dírọ́ọ̀mù, Mike Odumosu ló ń ta gìtá béèsì. Ilé-iṣẹ́ EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Àwo wọn tó gbẹ̀yìn jáde ní 1982, disíkò ló sì pọ̀ nínú orin wọn nígbà yẹn. Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí ni pé etí Yorùbá kò gba rọ́ọ̀kì líle. Àlàyé yìí rọrùn jù. Mo gbà pé etí gba orin BLO. Òde ìnáwó ni kò ríbi fi í sí, òde ìnáwó sì ni oko tí olórin Yorùbá ti ń jẹun. Òkè Mápó ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí. BLO kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, orin wọn kò sì ta gbòǹgbò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí irúgbìn kan kò ti hù máa ń sọ púpọ̀ nípa irúgbìn náà.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ṣẹ́ kúrò lọ́nà. Jones àti Akins ti wà nínú ẹgbẹ́ The Clusters ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń kọ orin Beatles lákọgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sínú Afro Collection. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, tó wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, kó wọn mọ́ra nínú ẹgbẹ́ tó pè ní Salt. Àwọn méjì tó bá Salt kọrin ní Munich lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì 1972 ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ìbejì tó dàgbà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá gbọ́ Chapter One yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: gìtá ń ké bí irin tí ayùn ń rẹ́, béèsì ń rìn lábẹ́ rẹ̀ láìkánjú, dírọ́ọ̀mù kò sì gbàgbé ilé.

Ní ti etí, ẹni tó bá ní ariwo ló lé Yorùbá sá fún rọ́ọ̀kì kò tíì sun Bẹẹrẹ, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, mọ́jú lálẹ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn Mápó ti wà lórí òkè náà láti 1929. Ọjà'ba tó ń jẹ́ orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láàrin méjèèjì, ìlù kì í sinmi. Àdúgbò báyìí ni wéré, orin tí àwọn ọmọ Mùsùlùmí fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú Ramadan, ti ń já òru. Inú wéré ni Dauda Epo-Akara, ọmọ Ìbàdàn, ti yọ awúrebe, inú rẹ̀ náà ni Sikiru Ayinde Barrister ti yọ fújì. Fi sípíkà sí ìlù fújì, kí o wá sọ fún mi pé BLO ló pariwo jù. Ká tilẹ̀ sọ pé gìtá iná ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, gìtá iná kan náà ni Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń lò, tí àgbà àti ọmọdé fi ń jó.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń rìn lóde ìnáwó. Olórin á gba àsansílẹ̀, àmọ́ àsansílẹ̀ kì í ju owó mọ́tò àti ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ. Òru ni ọjà ń tà. Bí ọlọ́jọ́ bá ti jó bọ́ síwájú, ìyáàlù á pe orúkọ rẹ̀, olórin á kì í, á dárúkọ ìyá tó bí i, á dárúkọ ìyàwó rẹ̀, á dórí ọ̀rẹ́ tó bá a wá láti Bẹyẹrúnkà. Bí orúkọ ṣe ń jáde lẹ́nu ni owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Orin tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fà nígbà tí ẹni tó ń náwó ṣì ń tú ìdì owó, kó sì lè já nígbà tó bá padà lọ jókòó. BLO náà mọ orin fà gùn, kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n gìtá Jones ni wọ́n fi ń fà á gùn, gìtá Jones kì í sì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Àsìkò tí olórin jùjú fi ń ki ènìyàn mẹ́ta ni rọ́ọ̀kì fi ń ki gìtá ara rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Ta ni yóò wá náwó fún gìtá? Bẹ́ẹ̀, àsìkò tí owó wà nílùú gan-an ni: owó epo ń wọlé, owó Udoji, àfikún owó oṣù, tẹ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ènìyàn ra ẹ̀rọ àti àwo orin, wọ́n sì ṣe òkú àgbà bó ṣe yẹ.

Ẹnì kan lè bi mí pé Fẹlá ńkọ́, tí kì í ki olówó, tó tilẹ̀ ń bú wọn? Fẹlá ní Ṣíráìnì, ilé tirẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń sanwó wọ̀. Ó kọ òde ìnáwó sílẹ̀ nítorí pé ó ti kọ́ òde tirẹ̀. BLO kò ní ilé bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ EMI ni wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ Afrodisia ti Decca, tó gbé Phase II jáde ní 1975. Ẹlòmíràn á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọrin ló bà á jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìran kan náà jó James Brown láìbéèrè ìtumọ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pa wọ́n lára ni pé a kò lè fi ki ọmọ Yorùbá kí orí rẹ̀ wú, èyí sì dá wa padà sí ọ̀rọ̀ owó. Àtakò tó le jù ni ti ilẹ̀ Ìgbò: níbẹ̀ náà wọ́n ń ná owó fólórin, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì The Funkees àti Wings gbilẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Wọ́n gbilẹ̀ lóòótọ́. Ta ló wá pẹ́ jù wọ́n lọ? Oriental Brothers ni, àwọn tó ń kọ háíláìfù lédè Ìgbò.

Ẹ̀rí kan tún wà ní ọ̀nà jíjìn, pé orin líle lè rí owó láìki ẹnikẹ́ni. Ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, King Diamond àti Hank Shermann dá ẹgbẹ́ heavy metal kan, Mercyful Fate, sílẹ̀ ní 1981. Orílẹ̀-èdè wọn kéré, kò lè bọ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àwọn ará Netherlands, Roadrunner, ló gbé Melissa jáde fún wọn ní 1983. Wọ́n tú ká ní 1985, wọ́n tún padà kóra jọ ní àwọn ọdún 1990. Ní 1998, ẹgbẹ́ Metallica, tí Lars Ulrich onílù rẹ̀ jẹ́ ọmọ Denmark, pa orin wọn pọ̀ sínú àwo Garage Inc. Kò sẹ́ni tí Mercyful Fate kì. Ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ wọ́n rí, ní ìlú tí wọn kò dé rí, ló ń ra àwo wọn. Irú òǹrajà bẹ́ẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ BLO lásìkò: 2001 ni ilé-iṣẹ́ Strut ní London tó kó orin wọn jọ sínú Phases 1972–1982.

Kí ni àwọn mẹ́ta náà wá ṣe? Odumosu bọ́ sínú Osibisa ní London, òun ló ta béèsì nínú àwo Welcome Home ní 1975. Akins di ẹni tó ń darí gbígba orin sílẹ̀, òun ló sì ṣe kòkáárí Ace fún Ṣínà Peters ní 1989, àwo tí CBS Nàìjíríà gbé jáde, tó sọ afro-jùjú di àrùn gbogbo ìlú. Mi ò sọ pé rọ́ọ̀kì ni Ace. Ẹni tó ní olùdarí lásán ni Akins, pé jùjú ni jùjú í jẹ́, lè gbọ́ ìlù inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: ó yára, ó wúwo, ó wà níwájú orin, síbẹ̀ ó fi àyè sílẹ̀ fún Ṣínà láti pe orúkọ. Onílù BLO kò pààrọ̀ ọwọ́; òde ló pààrọ̀, òde náà sì sanwó. Orin tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde yìí dé Mápó láìsí ẹni tó béèrè bóyá etí yóò gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn rọ́ọ̀kì nílẹ̀ Yorùbá, ẹ má parí rẹ̀ sí 1982. Ẹ kọ 1989 mọ́ ọn.