Ìbẹ̀rù Àwọn Bàbá Wa Ló Di Ẹ̀tọ́ Wa

 

Lẹ́yìn ìsìn tí a ti gbàdúrà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò, ọ̀dọ́ kan bi wá pé, "Pásítọ̀, kí ló kan ọmọ Ọlọ́run nínú ìwé òfin ìjọba?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè kì í ṣe ìwé àwọn lọ́yà nìkan. Májẹ̀mú ni. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń dáhùn: Ta ló ni agbára? Kí ni agbára náà wà fún? Ibo ló gbọ́dọ̀ dúró sí? Nígbà tí Sámúẹ́lì fi Sọ́ọ̀lù jọba, kò fi ẹnu lásán ṣe é. Ó kọ bí ìjọba náà yóò ṣe rí sílẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 10). Ṣáájú rẹ̀, Mósè ti ní kí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ da òfin kọ, kó máa kà á lójoojúmọ́, kí ìgbéraga má baà wọ̀ ọ́ (Deutarónómì 17). Àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Kàbà níbí, Ọbaró kì í dá ìlú ṣe. Ọbadòfin wà, Ọbajẹmu náà wà.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn jagunjagun Tápà láti Bídà fi ń kó àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa lẹ́rú. Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà kí wọ́n tó kọjú sí Bídà. Tápà lọ, òyìnbó dé. Wọ́n fi wá sí Àríwá, wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ Kàbà pe ẹkùn ńlá kan. Òwé o, Ìjùmú o, Yàgbà o, Búnú o, Ọ̀wọ́rọ̀ o, kò sí ẹni tó bi wá léèrè.

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn baba wa. Ìwọ̀nba ni wá láàrin èrò tó pọ̀. Bí òyìnbó bá lọ, ta ni yóò gbọ́ tiwa? Àwọn kan ní Ìlọrin àti Kàbà ní kí wọ́n jẹ́ ká darapọ̀ mọ́ àwọn ará wa ní Ìwọ̀-oòrùn. Àwọn mìíràn ní ká dúró síbi tí a wà. Irú ẹ̀rù yìí wà káàkiri Nàìjíríà. Nítorí náà, ní 1957, ìjọba Bìrìtìkó yan ìgbìmọ̀ kan tí Sir Henry Willink ṣe olórí rẹ̀, kó gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù.

Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958. Kò dá ìpínlẹ̀ tuntun kankan sílẹ̀. Ààlà wa kò kúrò níbi tó wà. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ohun kan lábàá: kí a kọ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn sínú ìwé òfin, tí ìjọba kankan kò fi ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n gbà á ní ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà, ó sì ti wà nínú òfin kí òmìnira 1960 tó dé. Lónìí, Orí Kẹrin ìwé òfin 1999 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìṣọ́ òru láìfòyà, ẹ wo abala 38. Òmìnira láti sin Ọlọ́run, láti wàásù, àní láti yí ẹ̀sìn padà, ibẹ̀ ló wà. Ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké bíi tiwa ló bí i. Tàwọn Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe àdúgbò wa náà sì ni. Bí a bá fi du ọmọnìkejì wa, kòtò tiwa là ń gbẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Abala 14 sọ pé ọwọ́ àwọn ará ìlú ni agbára ìjọba ti wá, ààbò àti ìgbáyégbádùn wọn sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ abala 6 ló ní ilé ẹjọ́ kò lè gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba mú ìlérí Orí Kejì ṣẹ, Orí Kejì yẹn gan-an sì ni abala 14 wà. Ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwa ènìyàn", bẹ́ẹ̀ òfin ológun nọ́ńbà 24 tí Jẹ́nẹ́rà Abdulsalami Abubakar fọwọ́ sí ló gbé e jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 oṣù karùn-ún 1999. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fá tiwa nìyẹn.

Àgbẹ̀ ń bẹ̀rù oko, awakọ̀ ń bẹ̀rù ọ̀nà nítorí ajínigbé. Àwa pásítọ̀ náà jẹ̀bi: a kọ́ yín láti gbàdúrà fún ìjọba, a kò kọ́ yín láti ka ohun tí ìjọba búra lé lórí. Ẹ dárí jì wá.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ka abala 14, kí ẹ sì ka 33 dé 46. Ẹ bi àwọn tó ń wá ìbò yín léèrè, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Àwọn baba wa bẹ̀rù, síbẹ̀ wọ́n sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ là ń jẹ dòní.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ilẹ̀ Òkun yóò tòrò. Bí ẹ bá gbà á, ẹ kọ Àmín.