Kí Yunifásítì Tó Mọ̀ Wọ́n, Sùúrùlérè Ti Ń Kọ́ Wọn

Bí a bá ń sọ ìtàn Èkó, ọ̀rọ̀ ọba, ti òwò òkun àti ti òṣèlú ni ó máa ń kún ẹnu wa. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kò ní ìlù nínú. Ìtàn àwọn ọmọ adití àti afọ́jú ni, àti bí kíkọ́ wọn ṣe di ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ sí yunifásítì.

Àwọn baba wa kò sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nù. Wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe abuké, àfín àti arọ, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ ni èyí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í kọ́ ọmọ ní ìwé. Ọ̀pọ̀ afọ́jú ni a bọ̀wọ̀ fún títí tí ó fi di alágbe lẹ́nu ọ̀nà ọjà.

Ní nǹkan bí àárín ọdún 1950 sí 1960, ìjọba ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ní àdúgbò tuntun yìí ni Wesley School for the Deaf ti bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ní 1962, ìjọ Àgùdà dá Pacelli sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Orúkọ àbísọ Póòpù Pius Kejìlá ni wọ́n fi sọ ọ́. Láàárín méjèèjì, ní 1960, Andrew Foster, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Ìbàdàn. Adití ni òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àìsàn di í létí, síbẹ̀ ó gba oyè ní 1954 ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ẹ gbọ́ ná: àwa tí etí wa là ń jiyàn bóyá adití lè kàwé, adití kan sì ti òkè òkun wá kọ́ wa.

Iṣẹ́ olùkọ́ irú ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ àánú lásán. Ẹ wo ìwé afọ́jú tí Louis Braille ará Faransé ṣe ní 1824, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kókó mẹ́fà péré ni, mẹ́ta ní òsì, mẹ́ta ní ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà 63 ni a lè gbà tò wọ́n. Láti òsì sí ọ̀tún ni afọ́jú ń fi ìka kà á. Bí ó bá jẹ́ pé irin kékeré ni ó fi ń gún un, láti ọ̀tún sí òsì ni yóò máa kọ ọ́, nítorí ẹ̀yìn ìwé ni kókó náà yóò ti yọ. Olùkọ́ tí kò mọ èyí, kí ni yóò máa máàkì?

Ní 1962 tí Pacelli bẹ̀rẹ̀ náà ni Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131, fún ìṣègùn, òfin àti ìmọ̀ òwò. Láti Ìdí-Àràbà, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Sùúrùlérè. Síbẹ̀ ó di 1974, ní Ìbàdàn, kí kíkọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá tó ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní yunifásítì. Ní 1977 ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan sílẹ̀ fún un, èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ní Ọ̀yọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a máa so ẹ̀kọ́ méjì pọ̀: yóò kọ́ Yorùbá, fún àpẹẹrẹ, yóò sì kọ́ bí a ti ń kọ́ adití tàbí afọ́jú.

Ìsopọ̀ yìí ni ó wù mí, n kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó mọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Ọmọ tí ó jáde ní Wesley yóò bá dókítà àti agbẹjọ́rò pàdé. Oníkẹ̀kẹ́ arọ yóò bá iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ilé pàdé lójoojúmọ́. Mo mọ ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ọkùnrin mẹ́rin ti máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wọn kò bá wá, ilẹ̀ ni yóò jókòó sí títí kíláàsì yóò fi tú. Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́”. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà kì í ṣe ìkà. Ẹ̀kọ́ yìí ni kò bá a pàdé ní ọdún tí ó fi kàwé.

Òfin ti ṣáájú wa níbi yìí. Ìjọba Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, ó sì pàṣẹ pé kí a yẹ àwòrán ilé tuntun wò kí a tó kọ́ ọ. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Àwọn tí yóò máa yẹ àwòrán wọ̀nyí wò ní ọ́fíìsì ìjọba lọ́la wà ní kíláàsì ní Yaba àti ní Akoka báyìí, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń wọn àtẹ̀gùn.