Àwọn Tí Kò Fojú Rí Jésù

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbé yẹ̀ wò: báwo ni àwọn aṣáájú ìsìn Kristi tí kò bá Jésù gbé ayé pọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n?

Pétérù bá a rìn, ó bá a jẹun. Pọ́ọ̀lù kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohùn ni ó gbọ́ ní ọ̀nà Dàmásíkù, ó sì tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ará Gàlátíà pé ènìyàn kọ́ ni ó kọ́ òun ní ìhìnrere. Síbẹ̀, nínú ìwé kan náà ni ó ti sọ pé lẹ́yìn ọdún 3, òun gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù, òun sì gbé ọ̀dọ̀ Pétérù fún ọjọ́ 15. Ẹni tí ó gbọ́ ohùn ṣì wá ẹni tí ó fojú rí lọ.

Ní ti Àjàyí Crowther, ẹ̀kọ́ ni ó ṣí ọ̀nà fún un. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì di èrò Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, a sì rì í bọmi ní 1825. Nígbà tí ó ń túmọ̀ Bíbélì, Ìwé sí àwọn ará Róòmù wà lára èyí tí ó kọ́kọ́ jáde, ní 1850: ìwé Pọ́ọ̀lù tí kò bá Jésù rìn, láti ọwọ́ Àjàyí tí kò bá a rìn. Àwọn ọ̀rọ̀ bí àdúrà, àlùfáà àti wòlíì, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ni ó ti bá wọn. Ìyá rẹ̀, tí ó tún rí ní 1846 lẹ́yìn ọdún 25, gba ìrìbọmi ní 1848. Ọmọ ni ó fi ọ̀nà han ìyá.

Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì, ní òun gbọ́ ohùn tí ó pe òun. Òun náà kò dá dúró: ó ti wọ ìjọ Faith Tabernacle kí ìsọjí ńlá Ìléṣà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1930.

Nítorí náà, bí oníwàásù kan ní Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12 bá ní òun gbọ́ ohùn, kì í ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A kò lè wọn ohùn. Ṣùgbọ́n a lè bi í léèrè pé: ta ni ẹ lọ bá lẹ́yìn náà?