Òṣùpá Lójú Ọmọdé: Láti Àgbàlá dé Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, oṣù lé, ẹ ní kò gún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kí ó tún un ṣe. Alárìíwísí tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ tí òun tìkára rẹ̀ kò lè ṣe ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n kí òwe náà tó lè dé ẹnu ẹnikẹ́ni, àwọn ènìyàn ti ní láti máa wo ojú ọ̀run, kí wọ́n sì rí i pé oṣù tuntun kì í dúró ṣánṣán. Ìmọ̀ nípa òṣùpá ti wà nínú èdè Yorùbá kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé.

Ní Gbọ̀ngán, ìlú Olúfì, tí ó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, àgbàlá ni ọmọdé ti kọ́kọ́ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Bí òṣùpá àrànmọ́jú bá yọ, àwọn ọmọdé a jáde ṣeré, a sì pa àlọ́ fún wọn. Orúkọ náà gan-an jẹ́ àlàyé: òṣùpá tí ó kún a máa yọ ní ìlà-oòrùn bí oòrùn ti ń wọ̀, a sì máa ràn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Oṣù tuntun ní tirẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni í ti í yọjú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá jí lọ sí oko ní ìdájí, nígbà tí oṣù ń parí lọ, ni í rí èyí tí ó ti tínrín ní ìlà-oòrùn. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé di ìgbà tí òmíràn yóò lé, ọjọ́ 29 tàbí 30 ni. Oṣù tí ń lé lójú ọ̀run àti oṣù tí a fi ń ka ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù January, ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó lé ní 450,000 ní 1954, di èyí tí ó lé ní 800,000. Ire ńlá ni. Àmọ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni a ń fi Yorùbá kọ́ wọn; Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù. Nínú àwòrán tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù tuntun a máa dúró lóòró, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní Gbọ̀ngán, tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ó sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí ìlàjì igbá tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, tàbí kí ó tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ tí ó bá wo ìwé, tí ó sì wo ọ̀run, yóò rí i pé ọ̀kan kò bá èkejì mu. Ṣùgbọ́n kò ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi béèrè ìdí rẹ̀.

Ní January 1970, nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ènìyàn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, nítòsí Gbọ̀ngán. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Lápapọ̀, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àlàyé nípa òṣùpá fúnra rẹ̀ fi ìdí èyí hàn. Kí olùkọ́ tan àtùpà kan nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ó fi igi gún ọsàn kan, kí ọmọ gbé e sókè díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, kí ó sì máa yí lójú kan. Àtùpà ni oòrùn, orí ọmọ ni ayé, ọsàn ni òṣùpá. Bí ọsàn bá wà ní ìhà àtùpà, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣókùnkùn ni ọmọ yóò rí. Bí ó bá yí díẹ̀, etí kan a mọ́lẹ̀ tín-ín-rín. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí àtùpà, gbogbo ojú ọsàn a mọ́lẹ̀. Yóò yé e pé òṣùpá kì í dín, kì í sì í lé, àti pé òjìji ayé kọ́ ni ó ń gé e kù lálẹ́ gbogbo. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí Yorùbá kò ní.

Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà. Ní November 2025, ó fagi lé e, ó ní ó ń mú kí àwọn ọmọ kùnà nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀, a kọ ìwé, a sì kọ́ olùkọ́, kí a tó retí èso. Ibi tí a kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èdè ni ó jẹ̀bi. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láìná owó: kí ó ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán òṣùpá bí wọ́n ti rí i, ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún oṣù kan, kí wọ́n sì fi èdè ilé wọn sọ ohun tí wọ́n rí.